Gáàsì Tí Aláìsàn Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dìmú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrora Biopsy ní Ìbàràpá

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ dá lórí nǹkan bí ìdajì wákàtí péré nínú ayé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Kókó kan yọ sí ọmú, tàbí ìtọ̀ kò já geere mọ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń dínkù lára láìsí ìdí tó hàn. Dókítà wò ó títí, ó ní ojú lásán kò lè rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, àfi kí òun bu ẹran ara bíńtín níbẹ̀, kí wọ́n lọ gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Iṣẹ́ yẹn ni a ń pè ní biopsy. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé jẹjẹrẹ ni tàbí pé jẹjẹrẹ kọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ lórí àbá. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé bí ìdajì wákàtí yẹn bá ṣe rí lára aláìsàn wà lára ohun tí yóò pinnu bóyá yóò padà wá nígbà tí a bá tún pè é. Gáàsì kan wà tí aláìsàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú, kí ó máa fà á símú, tí ó ń mú ìdajì wákàtí náà fúyẹ́. Èrò mi sì ni pé ilé ìwòsàn ìgbèríko bíi ti Èrúwà àti Igbó-Ọrà ni irú gáàsì bẹ́ẹ̀ bá mu jù, ju ilé ìwòsàn ńlá ìgboro lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìrora náà wò, nítorí ìrora biopsy kì í ṣe oríṣi kan. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ yẹ próstéètì rẹ̀ wò, ìyẹn ẹ̀yà ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, yóò ká orúnkún mọ́ àyà, wọn yóò sì sábà gba ihò ìdí wọlé. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò máa ń ta lójijì ni, pẹ̀lú ìró ‘pà!’ nígbà kọ̀ọ̀kan, ó sì lè ta bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí lẹ́ẹ̀méjìlá kí iṣẹ́ tó parí. Lẹ́yìn èkíní, aláìsàn ti mọ bí ó ṣe ń ṣe. Láti èkejì lọ, kí ó tó dún ni ara ti ń ṣe gírí dè é. Ti ẹni tí wọ́n fẹ́ mú mùdùnmúdùn inú eegun rẹ̀ yàtọ̀. Wọn yóò gún un ní lidocaine, abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ara kú, láti awọ títí dé ojú eegun ìbàdí. Ṣùgbọ́n lidocaine kì í wọnú eegun. Nígbà tí dókítà bá wá ń fa mùdùnmúdùn náà sínú síríńjì, ìrora kan a máa ta gan-an, kì í pẹ́, àmọ́ ibi tí ó ti ń ta kọjá ibi tí abẹ́rẹ́ dé. Ti obìnrin tí wọ́n ń bu nǹkan ní ọmú rẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí lidocaine bá ti ràn dáadáa, àmọ́ ẹ̀rù ibẹ̀ kì í fúyẹ́, nítorí pé bí ó ti dùbúlẹ̀ yẹn, ohun tí èsì máa sọ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀rù àti ìrora kì í gbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ara tí ẹ̀rù ti mú le máa ń gba abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìrora ju ara tó rọ̀ lọ, gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbí ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Ìgangan, Èrúwà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà àti Láńlátẹ̀, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá di ti biopsy nínú ìlú méjèèje yìí sábà máa ń di èrò Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, bóyá fún biopsy náà gan-an, bóyá fún èsì rẹ̀, bóyá fún ìtọ́jú. Ọjọ́ kan fún gígún, ọjọ́ mìíràn fún èsì, ọjọ́ mìíràn fún ìpinnu. Owó ọkọ̀ ni lójoojúmọ́ tí a bá jáde nílé, iṣẹ́ oko ń dúró, ẹni tó ń yan gàrí tàbí tó ń sá láfún kò rí nǹkan tà lọ́jọ́ náà. Láàárín ọkùnrin Nàìjíríà, jẹjẹrẹ próstéètì ló wọ́pọ̀ jù. Láàárín obìnrin, ti ọmú ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn, kò sì sí ìran dókítà kan láti ìgbà náà tí kò ké e pé pípẹ́ ni àwọn aláìsàn wa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. N kò ní sọ pé ìbẹ̀rù ìrora nìkan ló fà á. Owó wà ńbẹ̀. Ọ̀nà wà ńbẹ̀. Ìgbàgbọ́ kan tún wà tó gbilẹ̀ láàárín wa, pé bí irin bá kan kókó, kókó náà yóò bínú, yóò sì tàn ká gbogbo ara. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdènà wọ̀nyí, ìrora ni èyí tí ọwọ́ ẹni tó wà nínú yàrá àyẹ̀wò lè tó lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò lè tún títì Èrúwà sí Ìbàdàn ṣe. Ó lè mú ìrora dínkù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Gáàsì tí mò ń sọ ni nitrous oxide. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Joseph Priestley, ló kọ́kọ́ ṣe é jáde ní 1772. Ní 1800, Humphry Davy tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀, ó sì sọ níbẹ̀ pé gáàsì yìí ń pa ìrora, pé ó ṣeé ṣe kí ó wúlò nígbà iṣẹ́ abẹ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó di December 1844 kí Horace Wells, dókítà eyín kan ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, tó fà á símú kí wọ́n tó yọ eyín òun fúnra rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ìwé Davy fi wà lórí pẹpẹ ìkówèésí tí àwọn ènìyàn ń ké lábẹ́ ọ̀bẹ. Kì í ṣe ìmọ̀ ni kò sí. Ẹni tí yóò gbé ìmọ̀ náà láti inú ìwé wá sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn ni kò sí. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tó jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú tiwa lónìí. Ní 1961, Dókítà Michael Tunstall ní Britain fi hàn bí a ṣe lè po gáàsì yìí mọ́ ọ́síjìn nínú sílíńdà kan ṣoṣo, ìdajì sí ìdajì. Entonox ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àwọn obìnrin wa tó ti bímọ ní Lọ́ńdọ̀n tàbí ní Manchester mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni agbẹ̀bí ibẹ̀ ń gbé lé wọn lọ́wọ́ nígbà ìrọbí, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ pe dókítà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ẹnu sílíńdà náà ní ohun kan tí kì í ṣí àfi bí ènìyàn bá fa èémí. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń di ìbomú tàbí ẹnu ọ̀pá ìfamu náà mú. Yóò fà á fún bí ìṣẹ́jú kan kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, yóò sì máa fà á lọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nitrous oxide kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò sínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyí tó fi ń tètè dé ọpọlọ, ìdí kan náà sì nìyí tó fi ń tètè bá èémí jáde nígbà tí aláìsàn bá gbé ìbomú kúrò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Bí oorun bá sì fẹ́ gbé e lọ nígbà tó ń fà á lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ á rọ, ìbomú á bọ́, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa mí, yóò sì jí. Ààbò gáàsì yìí wà nínú ọwọ́ aláìsàn gan-an. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí ẹbí tó sin aláìsàn wá bá a di ìbomú náà mú láéláé, bó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe wọ́n tó. Oògùn mìíràn wà tó bá a tan, methoxyflurane, tí wọ́n ti ń lò ní Australia láti àwọn ọdún 1970. Omi ni, wọ́n á da mililita mẹ́ta sínú ohun kan tó rí bíi fèrè, aláìsàn á sì máa fa oru rẹ̀ símú díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rí ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí á ti fara balẹ̀, nítorí ẹ̀rí náà kò gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì mú apá kan rẹ̀ wá tó fi apá kejì pamọ́ ń tan yín jẹ. Ní 2002, àwọn dókítà ní Britain tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọkùnrin tó ju ọgọ́rùn-ún lọ tí wọ́n ṣe biopsy próstéètì fún. Wọ́n pín wọn sọ́nà méjì: àwọn kan fa Entonox, àwọn kan fa afẹ́fẹ́ lásán, aláìsàn kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, ẹni tó ń bi í léèrè kò sì mọ̀. Àwọn tó fa Entonox ni ìrora wọn kéré. Ní 2014, ìwádìí mìíràn jáde láti Australia, lórí ènìyàn 97 tí wọ́n mú mùdùnmúdùn eegun wọn. Gbogbo wọn ló gba lidocaine, àmọ́ apá kan tún fa methoxyflurane. Lórí òṣùwọ̀n tó ń lọ láti òdo dé mẹ́wàá, ìrora tó le jù jẹ́ 4.9 lọ́dọ̀ àwọn tó fa oògùn náà, ó sì jẹ́ 6.0 lọ́dọ̀ àwọn tí kò fà á. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyàtọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀run. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Finland gbé tiwọn jáde: wọ́n fi nitrous oxide wé ọ́síjìn fún àwọn tó ń ṣe irú àyẹ̀wò eegun kan náà, tí gbogbo wọn ti gba lidocaine, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ gúnmọ́ kankan nínú ìrora.

Ìwádìí tó gba àfiyèsí mi jù wá láti Australia àti New Zealand, lórí ọkùnrin tó ju 400 lọ. Biopsy próstéètì ni. Gbogbo wọn ni wọ́n gún ní lidocaine yí próstéètì ká, wọ́n wá fún àwọn kan ní methoxyflurane, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú. Nígbà tí wọ́n béèrè pé báwo ni ìrora ṣe pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, apá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìbá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n parí ìbéèrè sí ni, à bá ní oògùn náà kò wúlò. Ṣùgbọ́n wọ́n tún bi wọ́n pé báwo ni gbogbo ohun tí ojú yín rí ṣe rí lápapọ̀, àti pé bí a bá ní kí ẹ tún wá ṣe é, ṣé ẹ ó wá? Ọ̀dọ̀ àwọn tó fa oògùn náà ni ìdáhùn ti dára jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí èyí fò yín ru. Òǹkà ìrora kò yí padà, àmọ́ ìfẹ́ láti padà wá yí padà. Ó jọ pé ohun tí irú oògùn àfàsímú báyìí ń ṣe jù ni pé ó ń já okùn tó so ìrora mọ́ ẹ̀rù. Aláìsàn mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wọlé, ó lè ka iye rẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kò dẹ́rù bà á mọ́, nǹkan kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè ṣe nípa rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìgbèríko ló bá mu jù. Ní ìgboro ńlá, bí aláìsàn bá bínú nítorí ìrora tó kọ̀ láti padà wá, wọ́n lè fóònù sí i lọ́la, wọ́n lè tọ́ka ilé ìwòsàn mìíràn ní òpópónà kejì fún un. Bí aláìsàn láti Ayétẹ̀ tàbí Tápà bá kúrò nínú yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú ìpinnu pé òun kò tún ní jẹ́ kí wọ́n ṣe irú èyí fún òun mọ́, èsì rẹ̀ lè jókòó sínú fáìlì títí láé. Biopsy tí aláìsàn kò padà wá gba èsì rẹ̀, ìrora lásán ni a fi jẹ ẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ náà ń gbọ́. Yorùbá ní ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí wọ́n ṣe biopsy fún tó sì jẹ ìrora yóò sọ ọ́ lọ́jà, yóò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí, yóò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ìtọ̀ ń dí. Ẹ̀gbọ́n yẹn kò ní lọ. Nítorí náà, bí ìwádìí bá sọ fún mi pé oògùn àfàsímú kan mú kí ènìyàn múra tán láti padà wá, n kò ní ka ìyẹn sí èrè kékeré tí a fi ń tu ara wa nínú nítorí pé òǹkà ìrora kò sọ̀ kalẹ̀. Ní Ìbàràpá, ìpadàwá yẹn ni olórí ohun tí à ń wá.

Àwọn kan yóò sọ pé lidocaine tó, pé kí a kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà bí wọ́n ṣe máa gún un dáadáa, kí a fi owó gáàsì ra nǹkan mìíràn. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbà, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Lidocaine ni ìpìlẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò tíì máa gún un yí próstéètì ká dáadáa, tí kì í dúró kí ó ràn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílíńdà kiri. Gáàsì kò lè bo àṣìṣe ọwọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ bá ti wà, ẹ rántí inú eegun tí lidocaine kò dé, ẹ sì rántí pé gígún lidocaine pàápàá jẹ́ abẹ́rẹ́ tí ń dunni. Ọ̀nà kejì tí wọ́n máa ń gbà ni oògùn oorun tí wọ́n ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń béèrè ẹni tí yóò dúró ti aláìsàn, ẹ̀rọ tí yóò máa ka èémí àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibùsùn tí yóò sùn sí fún wákàtí mélòó kan, àti ẹni tí yóò sìn ín lọ sílé. Ìgboro lè ní gbogbo ìyẹn. Níbi tí dókítà tó ń fi oorun kun ènìyàn ti ṣọ̀wọ́n, tí aláìsàn sì ní láti rí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, oògùn tó ń kúrò lára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló bá ipò wa mu. Kí ó jókòó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó gun ọ̀kadà, ó tó.

Àtakò kejì kì í ti ẹnu dókítà wá. Àwọn àgbà kan ń sọ ọ́, àwọn ọkùnrin ń sọ ọ́ jù: akin kì í sunkún abẹ́rẹ́, àwọn bàbá wa kọ ilà láìsí gáàsì. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfaradà, ṣùgbọ́n mi ò rò pé bí àwọn bàbá wa ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tí oníkọlà bá kọ ilà fún ọmọ tán, kí ló ń kán sí ojú egbò náà? Omi ìgbín ni, omi ẹ̀rọ̀. Wọn kì í sì í fi ọmọ náà sílẹ̀ kí ó dá nìkan fara da ìrora rẹ̀. Ẹnì kan ń gbé e mọ́ra, ẹnì kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ láti fi mú ìrora rọ̀ ni wọ́n lò, wọn kò fi í pamọ́ kí wọ́n lè dán ọmọ wò. Ẹni tó ní gáàsì lónìí tí kò lò ó nítorí pé aláìsàn jẹ́ ọkùnrin kò tẹ̀ lé àṣà wọn. Ìṣòro mìíràn sì wà nínú ọ̀rọ̀ akin yìí: ọkùnrin tó bá gbà pé kò yẹ kí òun ké, kò ní ké, yóò kàn kọ̀ láti padà wá, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ewu gáàsì náà kì í ṣe ohun tí a ó fi ẹ̀rín fò kọjá. Nitrous oxide máa ń sáré wọ ibikíbi tí afẹ́fẹ́ bá há mọ́ nínú ara, ó sì ń mú kí ibẹ̀ wú. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fi í fún ẹni tí afẹ́fẹ́ ti jò yí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ká, ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí gbá nǹkan nínú ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún tí wọ́n fi gáàsì sínú rẹ̀. Biopsy ẹ̀dọ̀fóró náà kì í ṣe ibi tí a ó ti máa fi í dán nǹkan wò, nítorí abẹ́rẹ́ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mú kí afẹ́fẹ́ jò. Ẹni tí kò lè di ìbomú mú tàbí tí àlàyé kò yé kò lè lò ó. Orí lè máa fo àwọn kan, èébì lè máa gbé àwọn mìíràn. Gáàsì yìí tún máa ń ba fítámì B12 jẹ́ nínú ara. Ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣe ìṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ ẹni tí ẹran, ẹja àti ẹyin kì í sábà dé inú àmàlà láfún rẹ̀ kò ní fítámì náà púpọ̀ nípamọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ máa fún un ní gáàsì léraléra. Gbogbo èyí kò gbà ju ìbéèrè bíi mẹ́fà lọ, tí nọ́ọ̀sì lè kọ sára ògiri kí ó máa bi gbogbo aláìsàn.

Ẹ ti gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ń fa gáàsì yìí nínú bàlúùnù níbi àríyá. Òótọ́ ni. Britain fi òfin dè é ní November 2023, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà sì ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ń tà á ní àríyá ń ṣe kò sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe di ẹ̀ṣẹ̀. Bí a ṣe ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kọ́ńbọ́ọ̀dù oògùn ìrora líle ni ká ṣe tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá sílíńdà. Èyí tó kàn mí ju ìyẹn lọ ni ìlera òṣìṣẹ́. Ní 2022 àti 2023, àwọn ilé ìwòsàn kan ní England dá gáàsì yìí dúró fún ìgbà díẹ̀ ní yàrá ìbímọ nítorí pé ó ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí àwọn agbẹ̀bí ń mí. Yàrá tó há mọ́, tí ẹ̀rọ ìmúlétutù nìkan ń ṣiṣẹ́, ló ń fa irú rẹ̀. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí lọ́tùn-ún àti lósì, bí ọ̀pọ̀ yàrá ilé ìwòsàn wa ti rí, ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì tó bá lóyún bọ́ sí ìta. Gáàsì yìí tún ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 270 ju carbon dioxide lọ, ìwọ̀n fún ìwọ̀n. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ará Britain kọ́ níbẹ̀ ni pé inú páìpù tí wọ́n tẹ́ ká ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jò dànù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kankan. A kò tíì tẹ́ páìpù. Ẹ jẹ́ ká má ṣe tẹ́ ẹ; sílíńdà kékeré lórí kẹ̀kẹ́ tó, tí a ó tì pa lẹ́yìn iṣẹ́.

Èwo wá ni ká sọ fún ẹni tó bá ní irú nǹkan báyìí ga ju ìgbèríko lọ? Ìbàràpá ti dáhùn ìbéèrè yẹn tipẹ́tipẹ́. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti fi Igbó-Ọrà ṣe ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wá gbé láti kọ́ ìlera ìgbèríko. Ní Ìdèrè, nígbà tí sòbìà ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko gan-an, àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń kọ́ aládùúgbò wọn bí wọ́n ṣe máa fi aṣọ sẹ́ omi mu. Ní 2013, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ní Èrúwà, Dókítà Olúyọ́mbọ̀ Awójọbí dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní 1986, ó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2015. Ara kẹ̀kẹ́ ológeere ló ti rọ ẹ̀rọ tó ń fi yí ẹ̀jẹ̀ wò, ọwọ́ ló fi ń yí i, kò dúró de iná mànàmáná. Kì í ṣe pé kí a rọ gáàsì fúnra wa ni mò ń sọ o. Nitrous oxide tí kò mọ́ lè pa ènìyàn, ẹnu sílíńdà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó. Ohun tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ Awójọbí ni bí ó ṣe máa ń béèrè ohun tí iṣẹ́ náà nílò gan-an, tí yóò sì yọ ohun tí kò nílò kúrò. Gáàsì yìí kò nílò iná mànàmáná. Kò nílò omi ẹ̀rọ. Ó nílò sílíńdà, ẹnu rẹ̀, ìbomú tí a lè fọ̀ tàbí tí a ó pààrọ̀, àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́.

Ti owó wá ńkọ́, nítorí ilé ìwòsàn tí kò rí owó ibọ̀wọ́ rà kò ní fetí sí mi. Àṣìṣe tó lè pa ètò yìí ni kí a ra sílíńdà fún biopsy nìkan, nítorí biopsy kì í ṣe ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Igbó-Ọrà la wà yìí, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Ìrọbí kì í wọ́n ní yàrá ìbímọ wa, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti mọ gáàsì yìí jù lọ lágbàáyé. Kí sílíńdà jẹ́ ti yàrá ìbímọ, kí ó máa yá yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ biopsy, kí ó tún bọ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń to eegun tó yẹ̀ àti èyí tí wọ́n ti ń la eéwo. Agbẹ̀bí ni yóò kọ́ àwọn yòókù, nítorí òun ni yóò mọ̀ ọ́n lò jù. Kí ilé ìwòsàn sì yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún biopsy, kí àwọn aláìsàn láti ìlú méjèèje lè jọ wọkọ̀ wá, kí a lè fi gbogbo ẹran ara tí a bá mú ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan ṣẹ́kù nínú ètò ọjọ́ náà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Àlàyé ohun tí a fẹ́ ṣe, ìbéèrè aláìsàn àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí ìbomú tó kan imú rẹ̀, nítorí ẹni tí gáàsì wà lára rẹ̀ kò sí ní ipò láti fọwọ́ sí nǹkan kan. Nígbà yẹn náà ni kí nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ tí yóò wá gba èsì sára káàdì rẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn sí abẹ́ rẹ̀, kí ó gba nọ́ńbà aláìsàn àti ti ọmọ rẹ̀ kan, kí ó sì ka ọjọ́ náà sí wọn létí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ó tó gbé ìbomú lé e lọ́wọ́.